Ta Ni Yóò Ṣípà fún Ẹni Tó Kú Sójú Sánmà? Àtúnyẹ̀wò Ìrèmọ̀jé gẹ́gẹ́ bí Ewì Ìdárò Ẹlẹgbẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àtúnyẹ̀wò ìrèmọ̀jé, ewì tí àwọn ọdẹ ń sun níbi ìṣípà ọdẹ, láti fi hàn pé ìdárò ẹlẹgbẹ́ fún ẹlẹgbẹ́ ni ó jẹ́ ṣáájú ohunkóhun mìíràn. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà ṣe fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́, a sì tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tí à ń tẹ̀ ní agbègbè Ṣómólú. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé ìrèmọ̀jé ní ìlànà tó péye fún ṣíṣe ọ̀fọ̀ ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́, kódà bí òkú rẹ̀ kò bá sí nílẹ̀, àti pé àdánù ńlá ni fún wa bí a bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ nìkan.

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní ewì alohùn lọ́jọ́ náà, a sì ti dé orí ìṣípà ọdẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà nawọ́, ó ní: 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ènìyàn bá kú sójú sánmà, tí òkú rẹ̀ kò sì lè padà wálé, ta ni yóò ṣípà fún un?' Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, a rí i pé ìbéèrè náà kọjá ẹ̀fẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan kú sójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti òǹkọ̀wé iṣẹ́ yìí fi jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé ni wọ́n ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìdárò àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò wọ inú ìwé ètò ìsìnkú. A kọ ọ́, a sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Onípanu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kà á tán, ó ní: 'Ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Òun náà la lò lánàá. Orúkọ nìkan ni mo máa pààrọ̀.' Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ni ó fẹ́ kí ó yá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ewì ìdárò kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ nípa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ti wà nínú ẹ̀rọ.

Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni a gùn lé. Tíọ́rì yìí gbà pé a kò lè ya iṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára àwùjọ tó bí i àti iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwùjọ náà. Ìbéèrè wa, nítorí náà, ni: iṣẹ́ wo gan-an ni ìrèmọ̀jé ń ṣe, ta ni ó sì ń ṣe é fún?

2. Ìrèmọ̀jé àti Ìṣípà Ọdẹ

Àwọn onímọ̀ kan máa ń ka ìrèmọ̀jé sí ìjálá tí a sun níbi òkú. Kò ṣòro láti rí ohun tó fa èrò yìí. Ọdẹ kan náà ni ó ń sun méjèèjì, Ògún kan náà ni wọ́n ń bọ, oríkì sì pọ̀ nínú méjèèjì. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966 ni ìjálá ti gba iwájú nínú ẹ̀kọ́ wa. Bádé Àjùwọ̀n, nínú ìwé tó gbé jáde lórí orin arò àwọn ọdẹ ní 1982, ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìrèmọ̀jé bí ewì tó dá dúró. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń bá pàdé ń tẹnu mọ́: àwítúnwí, àfiwé, ìfohùndárà. Wọn kì í sáábà béèrè ẹni tí ó ń sunkún.

Bí a bá wo ètò ìṣípà dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba. Ìsìnkú jẹ́ ti ẹbí. Ìṣípà jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọdẹ. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sin òkú tán ni àwọn ọdẹ yóò kó àwọn ohun èlò olóògbé jọ: aṣọ ọdẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn tó ń lò nínú igbó. Ìwọ̀nyí ni ìpà. Wọn yóò ṣe àìsùn, wọn yóò máa sun ìrèmọ̀jé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì gbé ìpà náà lọ sínú igbó, wọn yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí a kò bá ṣe èyí, olóògbé kò ní í kúrò láàrin wọn. Yóò máa bá wọn dẹ ìgbẹ́, yóò sì máa dí wọn lọ́nà. Ìyàsọ́tọ̀ ni ìṣípà: ó tú òkú sílẹ̀ kí ó lè lọ bá àwọn baba rẹ̀, ó sì tú àwọn alààyè sílẹ̀ kí wọ́n lè padà sínú igbó tí ó pa ẹlẹgbẹ́ wọn.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Opó lè jókòó sílé, ọmọ lè ṣọ̀fọ̀ títí, ṣùgbọ́n ọdẹ ní láti tún wọ igbó. Ìdárò ẹni tí yóò tún lọ sí ojú ibi kan náà ni ìrèmọ̀jé.

3. Àwọn Tó Kú Lẹ́nu Ìrìn-àjò Ojú Sánmà

Ìrìn-àjò lọ sí ibi àìmọ̀ kò ṣàjèjì sí lítíréṣọ̀ wa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, ọba kan rán Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìjọba ayé òde òní náà ń rán akọni lọ sí òkè tó jìnnà ju ìyẹn lọ. Orílẹ̀-èdè tiwa pàápàá ti ní sátẹ́láìtì, NigeriaSat-1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, bí kò tilẹ̀ sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Títí di òní, kò sí ẹni tó kú sí òfurufú jíjìn, ìyẹn ní ọ̀kánkán òṣùpá tàbí ní ìkọjá rẹ̀. Àwọn tó kú sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní 1967, iná jó Grissom, White àti Chaffee pa nínú ọkọ̀ Apollo nígbà tí wọ́n ń dán an wò lórí ilẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1971, àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, Dobrovolsky, Volkov àti Patsayev, kú nínú ọkọ̀ Soyuz 11 nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 23 ní òkè. Fáàfù kan ṣí nígbà tí ọkọ̀ wọn ń pín sọ́tọ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì jò tán. Ọkọ̀ náà balẹ̀ láìfarapa. Òkú ni àwọn tó ṣí i bá nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2003, ọkọ̀ Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè Texas nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú 16 kí ó balẹ̀, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́ta, Bowersox, Pettit àti Budarin, wà ní ibùdó àgbáyé tó ń yí ayé po. Wọn kò lè wá síbi ìsìnkú. Iṣẹ́ ni wọ́n ń bá lọ títí di oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Èyí tó jọ ìṣípà jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ 1971, oṣù kan péré lẹ́yìn ikú àwọn ará Soyuz 11. David Scott, olórí ìrìn-àjò Apollo 15, gbé ère kékeré kan tí a fi alumíníọ̀mù ṣe sílẹ̀ sórí òṣùpá. Paul Van Hoeydonck, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe ère náà, kò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣubú, ó sì ri àwo pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a kọ orúkọ ènìyàn 14 sí: ará Amẹ́ríkà 8 àti ará Sófíẹ́ẹ̀tì 6. Kò kéde rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n padà dé ni àwọn ènìyàn gbọ́.

4. Ìfiwéra

4.1 Ohun èlò dípò òkú

Scott kò gbọ́ nípa ìṣípà rí, ṣùgbọ́n ohun tí ọdẹ ń ṣe ni ó ṣe. Kò gbé ère náà sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Inú igbó tí wọ́n jọ ń dẹ ni ó gbé e lọ. Ó ya àwọn òkú sọ́tọ̀ níbi tí iṣẹ́ wọn wà, ó sì kẹ́yìn sí wọn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibí yìí ni a ti rí ìdáhùn sí apá kan nínú ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìpà kò dúró lórí ara òkú. Ohun tí olóògbé ń lò ni ó dúró fún un, nítorí pé ohun tí ẹgbẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí òkú kò bá tilẹ̀ lè padà láti ojú sánmà, ìlànà ìṣípà kò yẹ̀.

4.2 Orúkọ àti oríkì

Ibi tí ìṣípà Scott kò ti tó ni ti ọ̀rọ̀. Orúkọ lásán ni ó wà lára àwo náà, a tò wọ́n ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìran, kò sí ìlú, kò sí ìwà. Bákan náà, orúkọ kò pé. Robert Lawrence, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà yàn fún iṣẹ́ yìí, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1967. Ètò àwọn ọmọ ogun òfurufú ni ó wà, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwo náà. Ọdún 1997 ni wọ́n tó kọ ọ́ sára òkúta ìrántí ní Florida. Valentin Bondarenko jóná nínú iyàrá ìdánrawò ní oṣù Kẹta 1961. Àwọn aláṣẹ Sófíẹ́ẹ̀tì fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún tó lé ní ogún. Ẹni tí wọn kò gbọ́ ikú rẹ̀, báwo ni wọn yóò ṣe dárò rẹ̀?

Nínú ìrèmọ̀jé, orúkọ kì í dá rìn. Asunrèmọ̀jé yóò pe olóògbé, yóò kì í dé ìdí orílẹ̀ rẹ̀, yóò sọ ẹran tó pa àti igbó tó ti pa á. Ó tún lè sọ àléébù rẹ̀, kí àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbé fún òkú mìíràn. Ṣùgbọ́n kí a má baà ṣègbè, ìrèmọ̀jé náà ní ààlà tirẹ̀: ẹni tí kì í ṣe ọdẹ kò ní ìpín nínú rẹ̀. Àléébù tó yọ Lawrence sílẹ̀, ìyẹn ni kí ẹgbẹ́ máa dárò ẹni tó bá wà nínú ìwé rẹ̀ nìkan, kò jìnnà sí tiwa.

4.3 Ìbéèrè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ewì arò wa a máa bi òkú léèrè ohun tó ṣe é. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè lásán. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú àwọn ará Columbia gbé ìwé jáde ní oṣù Kẹjọ 2003. Wọ́n rí i pé fóòmù kan já láti ara táǹkì nígbà tí ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí ó sì lu apá òsì rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ìwà àti ìṣe ilé iṣẹ́ náà wà lára ohun tó pa wọ́n, nítorí wọ́n ti sọ ewu di ohun tí ojú mọ́. Ìgbà tí wọ́n dáhùn ìbéèrè yìí tán ni ọkọ̀ mìíràn irú Columbia tó tún gòkè, ní oṣù Keje 2005. Ìdárò tí kò béèrè ohun tó pa òkú ń rán ẹni tó kù lọ sínú igbó kan náà ní afọ́jú.

5. Ìwé Ètò Ìsìnkú ní Ṣómólú

Ẹni tó bá rìn láti Onípanu wọ inú Ṣómólú yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé dé ilé. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n ń tẹ̀. A lè pe ìwé ètò ìsìnkú ní ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń kà jù ní àkókò ọ̀fọ̀. Ìlànà rẹ̀ kì í sáábà yàtọ̀: àwòrán, ìtàn ìgbésí ayé, orin, ọ̀rọ̀ opó, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìjọ. Bí àwọn tó bá olóògbé ṣiṣẹ́ bá ní àyè rárá, ìdí ìwé ni, ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún: akíkanjú ni, onírẹ̀lẹ̀ ni, Ọlọ́run fún ni, Ọlọ́run sì gbà á. A kò bá ìgbàgbọ́ tó wà nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ó máa ń dí ẹnu ìbéèrè tó yẹ kí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tó yẹ kí òǹkọ̀wé kọ nípa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju báyìí lọ: pé bírò pupa méjì kì í kúrò ní àpò rẹ̀, pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó jáde nílé, tí a ó sì máa bínú dè é lẹ́bàá ọkọ̀, pé òun nìkan ni ó máa ń sọ fún awakọ̀ kí ó rọra, tí àwa yòókù á sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, pé lọ́jọ́ tó kú, ilẹ̀ ti ṣú kí iṣẹ́ tó tán, kò sì sí ibi tí wọ́n ṣètò kí ó sùn sí. Èyí tó gbẹ̀yìn ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí pé ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà kan náà ni a tún gbà lọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrèmọ̀jé ju ìjálá ibi òkú lọ. Ewì ẹni tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó ń fi ohun èlò rọ́pò òkú, ó ń pe orúkọ débi tí kò fi ṣe é gbé fún ẹlòmíràn, ó sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó padà sínú igbó. Àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà ti ṣe èkíní láìkọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ni ó bá wọn ṣe ẹ̀kẹta. Èkejì ni ó ṣì kù. Àwa tí a jogún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ìdárò fún wa. Àbá wa ni pé kí àwọn tó ń kọ́ni ní ewì alohùn má ṣe dúró lórí ìtúpalẹ̀ èdè ìrèmọ̀jé nìkan, kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlànà rẹ̀ kọ ìdárò fún awakọ̀, atẹ̀wé, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́.

A jẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní gbèsè ìdáhùn. Àwọn tó bá a gbéra ni yóò ṣípà fún un. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.