Ère Gba Igbó Là, Ta Ni Yóò Gba Omi Là?

Ẹ̀yin Awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùwádìí àti ẹ̀yin olùsìn gbogbo, iṣẹ́ ọnà tó wà nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yìn ín, ìyìn sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyìn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ní 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà. Nígbà náà, wọ́n ti ń gé igi, wọ́n sì ń dọdẹ nínú igbó náà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, bí Adébísí Àkànjí, fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ògiri àti ère síbẹ̀. Àwọn ère náà kò dúró ṣánṣán bíi ti agbẹ́gilére àtijọ́. Wọ́n na apá bí ẹ̀ka igi. Àwọn kan ń bínú sí èyí. Èmi ò bínú, nítorí ẹni tó gbé áàké wọ ibẹ̀ yóò rí i pé ilé onílé lòun wọ̀. Ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO fi í kún Ogún Àgbáyé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni.

Àríwísí mi rèé. Inú ọgbà ni àwọn ère ń ṣọ́, òrìṣà tí a ń sìn kì í sì gbé inú ọgbà. Odò ni. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ẹrẹ̀ ibi ìwakùsà ń wọ omi, odò wá pọ́n bí omi amọ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé kí olùsìn má mu omi ọ̀hún. Omi tí a fi ń tọrọ ọmọ! Kí la wá ń dáàbò bò?

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru awakùsà o. Àwa olùsìn ńkọ́? Ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì tí a fi sílẹ̀ létí odò, ta ló kó wọn wá? Bí òrìṣà bá jẹ́ omi, ohun tí a jù sómi, òrìṣà la jù ú lù.

Ní Ìrólú tiwa ní Rẹ́mọ, kò sí Àdùnní tó mọ ère sí igbó wa. Ewé tí mo ń já lẹ́yìnkùlé bàbá mi nígbà èwe, mo ń rìn jìnnà kí n tó rí i báyìí. Igbó tí kò ní ère, àwa Awo ni ká máa ṣọ́ ọ.

Àbá mi nìyí: kí ìgbìmọ̀ wa bá àwọn ọba ojú ọ̀nà odò náà sọ̀rọ̀, láti Ìgèdè dé Òṣogbo, kí olùwádìí máa yẹ omi wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ sínú ìwé yìí, kí a sọ ọ̀rá di èèwọ̀ létí odò. Èèwọ̀ la fi ṣọ́ igbó kí ìjọba tó dé.