Ta Ló Wà Láàrin?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo jókòó sídìí fèrèsé nílé wa ní Ìbàdàn, fóònù lọ́wọ́ mi, Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi tó wà ní London ti fi 60 USDT ránṣẹ́ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà ni USDT, kì í fò sókè sódò bíi Bitcoin. Mo fẹ́ sọ ọ́ di náírà. Mo pàtẹ rẹ̀ sójú ọjà P2P, níbi tí èèyàn ti ń tà fún èèyàn tààrà, lórí áàpù tí mo ń lò, 1,520 náírà lórí ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ní òun fẹ́. Aago kékeré kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 15 wálẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹni náà?" Màmá bi mí.

"Rárá, Màmá. N kò rí i rí."

"Òun náà kò mọ̀ ẹ́?"

"Kò mọ̀ mí, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. "Ta wá ló wà láàrin yín?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti máa ra kírípítò, tí yóò ti máa tà á, kọ́kọ́ bèèrè. Réètì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bèèrè. Réètì dára o, ṣùgbọ́n náírà márùn-ún, náírà mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó wà láàrin ni gbogbo owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó ṣe rí rèé. Bí oníbàárà ṣe tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ rà á, 60 USDT yẹn ti kúrò níkàáwọ́ mi, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Áàpù ti gbà á, ó ti tì í pa. N kò lè gbé e sá, n kò lè tà á fún ẹlòmíì, òun náà kò lè fọwọ́ kàn án. Náírà tirẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ áàpù kọjá rárá. Àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì ló ti ń bọ̀ tààrà sí tèmi. Ìgbà tí mo bá rí owó, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ pé ó ti dé, ni ìdè náà tó tú. Bí èdèkòyédè bá wà, bọ́tìnì kan wà tí a fi ń pe ẹjọ́, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà á sì gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Mo fẹ́ràn ètò yìí dénú. Ó rán mi létí pé láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ wa máa ń pàtẹ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà láìdúró tì í. Wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó hàn. Ẹni tó bá fẹ́ á mú un, á fi owó sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ìtìjú ará àdúgbò àti ìbẹ̀rù òrìṣà ló ń ṣọ́ àtẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń tà fún lónìí lè wà ní Kánò, ó lè wà ní Àbá; ojúlé ta la ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹ̀rọ yìí kò ní kí n gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí n fura sí i. Ó kàn di ọjà mú títí ọ̀rọ̀ owó fi parí.

Ìdí wà tí P2P fi gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Òwò náà kò kú, ọ̀nà ẹ̀yìn yìí ló yà sí, títí wọ́n fi dẹ àṣẹ náà ní oṣù Kejìlá 2023. Lóṣù Kẹta 2024, ilé ìpààrọ̀ kírípítò Binance kó náírà kúrò lórí àtẹ rẹ̀, àwọn tí kò mọ ibòmíì sì ń sá kiri. Inú mi dùn nígbà tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, fún ilé ìpààrọ̀ Busha àti Quidax ní ìwé àṣẹ àfìgbàdíẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, torí ó dára kí èèyàn mọ ilé ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ nìkan kò tó mi. Áàpù ilé ìpààrọ̀ kírípítò FTX rẹwà, àwọn gbajúmọ̀ polówó rẹ̀, síbẹ̀ owó oníbàárà ni ilé-iṣẹ́ kejì tí ọ̀gá wọn ní ń ná. Ní oṣù Kọkànlá 2022 tí èrò wá gba owó wọn, kò sí ńlẹ̀. Ní 2014, ilé ìpààrọ̀ Mt. Gox ní Tokyo kéde pé nǹkan bí 850,000 Bitcoin ti di àwátì. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ibikíbi tó bá jẹ́ tuntun, owó kékeré ni mo ń fi síbẹ̀, màá sì gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà. Ibì kan dá 20 USDT mi dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń tún fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá. Nígbà tó jáde, èmi náà jáde.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago pé nígbà tí fóònù dún. Àláàtì: 91,200 náírà. Oníbàárà ti ń kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u, mo ti sanwó." N kò dá a lóhùn ná. Ẹnikẹ́ni lè fi àláàtì irọ́ ránṣẹ́, nítorí náà mo ṣí áàpù báńkì mi fúnra mi. Owó ti wọlé lóòótọ́. Mo wo orúkọ ẹni tó san án, mo fi wé orúkọ tó wà lórí áàpù. Ọ̀kan náà ni, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ká ní orúkọ ẹlòmíì ni, màá dá owó náà padà, torí ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí. Mo tẹ kóòdù ààbò onínọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú, ìdè sì tú.

"Ó ti rí tiẹ̀ gbà?" Màmá bi mí.

"Ó ti rí i gbà, mà."

"Bá mi sọ fún un pé ó ṣeun."

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó dáhùn pé kí n bá òun kí Màmá.