Kìlómítà 32 Nínú Ọyẹ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí ní Bónì, nílẹ̀ Ṣábẹ, lọ́jọ́ Àìkú tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ sá máratọ́ọ̀nù l'Ékòó. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ti là kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí àpótí, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Bí aṣọ bá ká jọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ìléròrò á ti yọ kó tó di kìlómítà 15, á sì ti bẹ́ kó tó di 25. Mo fọwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo so okùn bàtà, kò le, kò dẹ̀, torí ẹsẹ̀ a máa wú bí eré bá ti pẹ́.

Eré gígùn ìkẹyìn, kìlómítà 32, ni mo fẹ́ lọ sá lọ́jọ́ náà, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìgbáradì. Máratọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn ní 1908, nígbà tó di 1921 ni wọ́n fi í ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sá gbogbo rẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé. A ó sá 30, 32, bóyá 35, lẹ́yìn náà a ó dín eré kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdí ni pé ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló ń gbé wa sáré, ó sì máa ń fẹ́ tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ Ṣábẹ ló mọ abà iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹni tó bá jẹun láìwo ẹ̀yìn á jẹ dé orí irúgbìn.

Èmi náà jẹ irúgbìn lọ́dún tó kọjá. Ara mi yá gágá láàárọ̀ ọjọ́ eré gígùn kan, mo sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́ bí ẹni tí ilé ń jó. Nígbà tó di 26, pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Abẹ́ igi ẹ̀mí kan ni mo jókòó sí títí ọlọ́kadà, tí à ń pè ní sémíjàn, fi gbé mi délé. Mo sunkún lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìkíni wọn eré mi. Nílùú tiwa, o kò lè sáré kọjá lára èèyàn láìkí i. Bí mo bá lè sọ pé, “Ẹ kú ìdájí o, ṣé àlàáfíà la jí, àwọn ọmọ ńkọ́?” tí èémí mi ò já, eré náà dára. Bí mo bá gé e kúrú, mo ti ń jẹ irúgbìn nìyẹn. Aago tó wà lọ́wọ́ mi kò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ńlá tó lọ sí Parakou ni mo gbà. Àbúrò mi ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé ìgò méjì: omi lásán, àti omi tí mo po ṣúgà, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́. Ní kìlómítà 5, ìyá kan ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà.

“Ọmọ mi, kú ìdájí. Ta ló ń lé ọ?”

“Ẹ kú ìdájí, ìyá. Kò sẹ́ni tó ń lé mi, mà. Ẹ kú iná o, ọjà á tà.”

Èémí mi pé.

Ọyẹ́ a máa tan asáré jẹ. Òógùn ń gbẹ kó tó ṣàn, o sì máa rò pé o ò làágùn. Fọwọ́ ra iwájú orí rẹ, iyọ̀ lo máa bá níbẹ̀. Eliud Kipchoge, ògbóǹtarìgì asáré máratọ́ọ̀nù, ti sá eré gígùn tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kaptagat, lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ tutù ní Kẹ́ńyà. Tiwa gbẹ, ó sì kún fún eruku. Torí náà, mo ń mu omi ní gbogbo kìlómítà 4, òùngbẹ gbẹ mí o, kò gbẹ mí o.

Oòrùn ń yọ lọ́wọ́ nígbà tí mo yí padà ní 16. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ mi lójú tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sẹ́yìn mi, ooru sì dé. Àwọn igi kajú ti ń tanná. Mo gbọ́ òórùn wọn títí di 22, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ẹsẹ̀ ara mi.

27 ni mo tún dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà. Ó ní, “Ọmọ mi, o kú àbọ̀.” Ẹnu mi ò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Ọwọ́ ni mo nà sí i, bí ẹní ń juwọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju itan mi lọ.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba eléyìí.” Omi ṣúgà ni. Mo mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀ díẹ̀. Mo dín eré kù, mo ka ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún, mo tún un kà. Ibí yìí ni iṣẹ́ wa wà. Ara ní kí o jókòó, o ò jókòó. Ìgbéraga ní kí o sá tete, o ò dá a lóhùn. Ní 29, Òkè Ṣábẹ yọ nínú ọyẹ́, àwọn òkúta ńlá tí àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun Dànhòmẹ̀. Mo wojú wọn títí mo fi wọlé. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. 32 pé, mo sì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn.

Nírọ̀lẹ́, mo gun sémíjàn padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i tán: iná, ọjà, ọmọ, ilé. Itan mi kọ̀, n kò lè dìde. Ó fi agbada rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di apá mi mú.