Àkísà Àgbà àti Òjò Tuntun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, òwe kan wà tí àwa àgbà fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lónìí, nítorí ó ti kó bá mi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo bá gbin àgbàdo sí oko mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ àbúrò mi wo fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró, òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀." Mo ní ṣé òun ló máa kọ́ mi lóko ni? Òjò dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo gbẹ.

Raymond Cattell ṣàlàyé ní 1963 pé oríṣi òye méjì la ní: èyí tí a fi ń yanjú ohun tuntun, àti èyí tí ìrírí kó jọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ti àkọ́kọ́ ń dín kù. Ti kejì máa ń pẹ́ kó tó rẹ̀yìn. Ti kejì yìí ni àkísà. Bí ọdún bá jọ ti àná, apẹja àgbà ní Ogun Waterside á ti mọ ohun tí ọ̀sà fẹ́ ṣe kí ọmọdé tó rí i. Bí ọdún bá yí padà ńkọ́? Àkísà yẹn gan-an ló máa tàn án.

Àmọ́ ká má fi ìdánwò sọ arúgbó di òpè o. Nígbà tí Benjamin Ọ̀ṣuntókun, Adésọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé ní Ìbàdàn ní 1992, ìbéèrè tó bá ẹni tí kò kàwé mu ni wọ́n lò, wọ́n sì tún bi ará ilé. Ẹni tó bá ní kí ìyá tí kò rí ilé ìwé kọ gbólóhùn kan, ilé ìwé ló ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ.

Òwe náà ò purọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó sọ ohun tí àgbà ní. Kò sọ bóyá àgbà ṣì ń wo ojú ọ̀run. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣebí èmi ni mo ń sọ fún yín pé kí ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó wo èsì? Èmi ò kọ tèmi.

Lọ́dún tó ń bọ̀, màá kọ ọjọ́ tí mo rò pé òjò máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ sára ògiri. Ọmọ yẹn á kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ó jọ wò ó.