Mímọ Orúkọ Àṣìrò Kò Tó: Ẹjọ́ Mi Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ni ní Lọ́jíìkì

Nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ́ lọ́jíìkì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì wa, orí kan wà tí kì í yẹ̀, orí àṣìrò. Wọ́n á to àwọn orúkọ Látìn sílẹ̀, ad hominem, ad populum, post hoc, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ ìlà kan àti àpẹẹrẹ kan, ó parí. Tó bá wá kan post hoc ergo propter hoc, tó túmọ̀ sí "ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà òun ló fà á", òwe wa kan ni olùkọ́ ọmọ Yorùbá sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, á gba máàkì.

Ẹjọ́ mi ni pé irú orí ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti pe àṣìrò lórúkọ, kò sì kọ́ ọ láti mọ ibi tí àṣìrò náà fara pamọ́ sí. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, ẹ̀mí èèyàn sì lè bá ìyàtọ̀ àárín wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìpìlẹ̀ ṣe. Lẹ́nu onílọ́jíìkì, àríyànjiyàn kọjá asọ̀ tàbí ariwo. Àwọn gbólóhùn kan ni, tí ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní àbájáde, fẹ̀yìn ti àwọn yòókù, tí a ń pè ní ẹ̀rí. Ìbéèrè méjì la sì gbọ́dọ̀ bi àríyànjiyàn yòówù. Ṣé òótọ́ ni àwọn ẹ̀rí rẹ̀? Àti pé, ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni wọ́n, ṣé àbájáde tẹ̀ lé wọn dandan? Ìbéèrè méjèèjì ò jọra rárá.

Ẹ wo èyí: Kò sí ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú tó lè fò, àdán ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí náà, àdán kò lè fò. Àbájáde yẹn tẹ̀ lé ẹ̀rí rẹ̀ gbọọrọ, síbẹ̀ irọ́ ni, torí pé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti wọ́. Ẹ tún wo èyí: Gbogbo ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà ní Nàìjíríà; Ìbàdàn wà ní Nàìjíríà; nítorí náà, Ìbàdàn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ̀kẹta ò ti ara méjì àkọ́kọ́ jáde. Ẹ yọ Ìbàdàn kúrò, kí ẹ fi Kánò sí i, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tí ìyàtọ̀ yìí ò bá yé, ogún orúkọ Látìn ò lè gbà á.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ráhùn. Ní 1970, C. L. Hamblin, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Australia, tẹ ìwé kan tó pè ní Fallacies. Ó kó àwọn ìwé ìkọ́ni jọ, títí kan Introduction to Logic ti Irving Copi, tó kọ́kọ́ jáde ní 1953. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé ń gba àtòkọ àṣìrò lọ́wọ́ ara wọn láti ìran dé ìran ni, kò sì sí àbá gidi kan nídìí rẹ̀ tó ṣàlàyé ohun tó sọ àṣìrò di àṣìrò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ẹ ṣí ìwé pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín wò, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ohun kan ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe àjẹ́. Ṣé torí pé ó ní "lánàá" àti "lónìí" nínú ló fi jẹ́ àṣìrò? Rárá o. Ohun tó bá fa nǹkan sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìyá tó ní ara ọmọ òun gbóná lẹ́yìn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ò ṣàṣìrò kankan, torí abẹ́rẹ́ míì máa ń mú ara ọmọ gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nọ́ọ̀sì gan-an á sọ fún un. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín lálẹ́ tó ń lérí pé "ẹ máa rí i!", tí ilé yín sì jó kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọlọ́pàá tó gbọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ó sì tọ́ ká fura.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè. Ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí ńlá kan wà ní Vienna, ní Austria, tó ní wọ́ọ̀dù méjì. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí nínú ti àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí obìnrin nínú èkejì. Ibà ìyálọ́mọ ń pa àwọn obìnrin nínú wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ fíìfíì. Ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Kolletschka fara gbọgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la òkú, àìsàn tó jọ ibà ìyálọ́mọ yẹn ló sì pa á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ignaz Semmelweis, ronú sí i: ọ̀bẹ òkú gé e, ó kú; àwọn dókítà ń ti ibi òkú bọ̀ wá gbẹ̀bí, àwọn aláboyún ń kú. Ẹ gbọ́, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa tó há Látìn sórí máa sọ fún un? "Post hoc ni o, ọ̀gá!" Á gba máàkì, àwọn ìyá á sì máa kú lọ.

Semmelweis ò dúró sórí "lẹ́yìn èyí" nìkan. Ó ní wọ́ọ̀dù méjì tó lè fi wéra. Àwọn kan ní ẹ̀rù agogo àlùfáà tó ń gba àárín wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ kọjá ló ń pa àwọn obìnrin náà. Ó ní kí àlùfáà gba ibòmíì, ikú ò dín. Ó yí bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ bímọ padà, ikú ò dín. Ó wá pàṣẹ ní oṣù karùn-ún pé kí gbogbo ẹni tó bá ti ibi òkú bọ̀ fi omi tí wọ́n po chlorine mọ́ fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin, ó lé ní 18 nínú 100 ìyálọ́mọ tó kú ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ní oṣù kẹfà, ó kù díẹ̀ lé ní 2. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó pa òwe àjẹ́ nìyẹn. Ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀; ọ̀kan dúró síbẹ̀, èkejì ń bá ìwádìí lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àjẹ́ ló pa ọmọ, ẹ má fi Látìn dá a lóhùn. Ẹ bi í léèrè: òru mélòó ni nǹkan ké tí ọmọ kankan ò kú? Ọmọ mélòó ló kú tí ohunkóhun ò ké ní òru tó ṣáájú? Ṣé ibà ẹ̀fọn ò wọ ilé yẹn? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bára mu nìkan lọkàn wa ń rántí. Àwọn òru tí ẹyẹ ké lásán, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Fún èmi, ibi tí àṣìrò òwe yẹn wà gan-an ni "ta ni kò mọ̀". Gbólóhùn yẹn ló ti ilẹ̀kùn ìwádìí pa, ó sì sọ ìfura di ìdájọ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ló sì tako o. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde, lẹ́yìn tí wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, tí wọ́n bi wọ́n nípa "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Àwọn oníṣègùn ní ohun tí ojú èèyàn rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni, títí dìgbà tí wọ́n bá dán an wò. Àbí àwa náà kọ́ là ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà? Ta ló wá fojú rí àjẹ́ níbi tó ti ń pa ọmọ jẹ?

Àwọn kan á ní àwọn bàbá ńlá wa ò lè ṣì í sọ. Àwọn míì á ní òwe yìí fi hàn pé Yorùbá ò mọ ìrònú. Ìrònú àwọn méjèèjì mẹ́hẹ. Òwe kan ò lè gbẹnu sọ fún odidi ẹ̀yà, àwọn bàbá kan náà ló sì sọ fún wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó báyìí? Torí pé òwe yìí kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tó máa ru ẹrù rẹ̀. Ìyá arúgbó ni, opó ni, obìnrin tí kò bímọ ni. Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa, ní abala 210, sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíì ti ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Àmọ́ kì í sí adájọ́ ní àárín agbo ilé ní ọjọ́ tí ọmọ bá kú. Ọmọ yunifásítì tó wá sílé fún ìsìnmi lè wà níbẹ̀, ohun tí a bá kọ́ ọ ló sì máa sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ni, ẹ dákun, ẹ yé bèèrè pé "dárúkọ àṣìrò tó wà nínú òwe yìí". Ẹ bèèrè pé: "Kí ni a ò tíì mọ̀, tó yẹ ká mọ̀, kí á tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni?" Ẹ fún wọn ní ìdajì wákàtí. Máàkì ogún ni.