Abẹ́ Èwo Ni Ká Kọ Àwọn Ọmọ Wọ̀nyí Sí?

Ìtàn ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí ní Indonésíà, bí wọ́n ṣe máa ń tò ó, kò ju ọjọ́, ibi àti iye òkú lọ. Ẹ ó kà á tán, ẹ ó sì rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Bali, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2002, èèyàn 202 kú, 88 nínú wọn jẹ́ ọmọ Ọsirélíà: ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣí ìwé. Wọ́n á ti fo àìsùn Kérésìmesì ọdún 2000, tí ẹgbẹ́ Jemaah Islamiyah kan náà ri àdó olóró mọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú bíi mélòó kan. Wọ́n á fo ọdún 1957 pẹ̀lú, tí wọ́n ju àdó olóró sí Ààrẹ Sukarno ní iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ ní Cikini, Jakarta. Sukarno yè é, àwọn ọmọ iléèwé ló fara gbá a.

Ṣùgbọ́n Surabaya ló dà mí láàmú jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú 13 oṣù Karùn-ún 2018, ìdílé kan ṣoṣo pín ara wọn sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ọmọkùnrin méjì gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀kan, bàbá wa mọ́tò lọ sí èkejì, ìyá kó ọmọbìnrin méjì lọ sí ẹ̀kẹta. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún 12 ni. Gbogbo wọn ló kú.

Ó dáa, abẹ́ èwo lẹ fẹ́ kọ àwọn ọmọbìnrin yìí sí: apànìyàn, àbí ẹni tí wọ́n pa? Àwọn tó ń to orúkọ á kà wọ́n mọ́ agbésùnmọ̀mí, torí ẹni tí wọ́n bá wá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́, ṣé ó lè ní òun ò lọ ni? Lọ́jọ́ kejì, ìdílé mìíràn gun ọ̀kadà kọlu olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà. Ọmọbìnrin wọn kékeré yè é. Nínú àtòjọ òkú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ sí rárá.

Òfin tí ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí lóṣù yẹn kan náà sọ pé ẹni tó bá fa ọmọdé wọ iṣẹ́ yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọn yóò fi kún ìyà rẹ̀.

Ní tèmi, àwọn tí wọ́n pa ni mo ka àwọn ọmọbìnrin méjèèjì mọ́. Bí iye tí mo bá kọ bá fi méjì ju ti ẹlòmíì lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó gun ọ̀kadà, mi ò tíì mọ èyí tí ǹ bá ṣe.