Nọ́ńbà Kan Náà Níbi Méjì

Mítà ojú pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró wò lẹ́ẹ̀mejì. Ihò tí wọ́n gé fún un lára irin kò ju mìlímítà 92 ní ìbú àti 45 ní gíga lọ. Nọ́ńbà pupa ń tàn lójú ẹ̀, bọ́tìnnì mélòó kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ la ti ń gbọ́ bí ara bọ́ílà ńlá tó ń hó omi fún odindi ilé-iṣẹ́ ṣe rí. Ibi tó kù sí ni pé ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó sí yàrá ìdarí lódìkejì ọgbà, tí wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ nǹkan kan.

Káàdì kékeré kan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Oríṣiríṣi mítà ló ní àyè fún un. Èyí tí mo mọ̀ jù ni PAX tí ilé-iṣẹ́ Red Lion ti ìlú York, ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, ń ṣe. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá nílò káàdì lè rà á lọ́tọ̀, kó sì tì í wọlé. Nọ́ńbà yòówù tó bá wà lójú mítà, káàdì náà á sọ ọ́ di iná mànàmáná díẹ̀ tó ń gba inú wáyà méjì lọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Títì í wọlé gan-an kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí i ká niṣẹ́, òun ni mo sì fẹ́ yìn, nítorí mo ti rí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà.

Nígbà tí ọ̀gá tó fẹ́ ṣe é dé, wọn ò fọwọ́ kan mítà. Yàrá ìdarí ni wọ́n gbà lọ, ọmọ iṣẹ́ wọn tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn ṣí ilẹ̀kùn PLC, ẹ̀rọ tó ń gba iná inú wáyà, tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ojú ìdè tí wáyà máa wọ̀ níbí, ṣé òun ló ń ti iná jáde ni, àbí ńṣe ló ń dúró kí iná wá bá a? Káàdì inú mítà ní agbára tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti iná jáde. Bí ojú PLC náà bá tún ń ti 24 fóòtì jáde, tí a wá so wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì á máa ti ara wọn. Nọ́ńbà tó bá jáde á di irọ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè jóná. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ pé "kò sí iná níbẹ̀". Tẹ́sítà lọ̀gá gbà gbọ́. Wọ́n fi kàn án, 24 fóòtì jáde lóòótọ́. Wọ́n yan ojú ìdè mìíràn tí kì í ti iná jáde, wọ́n fi tẹ́sítà kan ìyẹn náà, òdo ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé àpò irinṣẹ́ lọ sídìí bọ́ílà.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí èèyàn bá ń bọ́ ẹ̀wù, á máa ta ṣáṣá lára rẹ̀. Iná kékeré tó ń ta báyẹn, tí kì í ṣe àwa ní nǹkan kan, tó ó ba káàdì jẹ́ láìsí èéfín, láìsí òórùn. Ọmọ iṣẹ́ ti ń ya ọ̀rá tí káàdì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá dá a dúró.

"Kí lo fọwọ́ kàn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Fọwọ́ kan irin pánẹ́ẹ̀lì ná."

Ó fọwọ́ kàn án, ó wá mú káàdì náà létí, àtàǹpàkò rẹ̀ ò dé ibi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà wà. Bírékà ti wálẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n tún fi tẹ́sítà kan ẹ̀yìn mítà kí wọ́n tó ṣí i. Etí méjì wà lẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n tẹ ti apá kan títí ó fi bọ́ kúrò lójú ihò, wọ́n wá tẹ èkejì, wọ́n sì fa inú mítà sẹ́yìn wẹ́rẹ́, ìkarahun rẹ̀ dúró sára pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fi agbára fà á. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní ojúùlé tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ọ̀gá tì í wọlé láìfi agbára kún un, wọ́n wò ó lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì, títí etí kékeré ara káàdì fi jókòó sójú àyè tí wọ́n gé fún un.

Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ yìí á béèrè ìdí tí iná tí káàdì ń ti jáde fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 4 mílíáǹpù dé 20, tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọdẹ àdúgbò tó ń lu òpó irin ní wákàtí wákàtí ló jọ. Bí kò bá tilẹ̀ sí olè, á lù ú. Alẹ́ tí a ò bá gbọ́ ọ la mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí bọ́ílà bá tutù pátápátá, 4 mílíáǹpù á ṣì máa lọ. Bí wáyà bá já, ó di òdo, yàrá ìdarí á sì mọ̀ pé wáyà ló já, kì í ṣe pé bọ́ílà tutù. Ìlànà NAMUR NE 43 tiẹ̀ fi ààlà sí i: bí ó bá ti wálẹ̀ dé 3.6, àìsàn ni.

Nígbà tí wọ́n ti dá inú mítà padà sínú ìkarahun rẹ̀, tí wọ́n sì ti so wáyà, wọ́n tan iná padà, wọ́n wọ ìpele 8 nínú ètò mítà. Wọ́n yan 4 sí 20. Wọ́n ní kí káàdì máa tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lójú mítà gan-an, kì í ṣe èyí tó ga jù tí mítà ti rí rí. Ìfúnpá inú bọ́ílà ni mítà náà ń wọ̀n, wọ́n sì fi 0.0 sí ìsàlẹ̀, 10.0 bár sí òkè. Báyìí, 7 bár gbọ́dọ̀ jẹ́ 15.2 mílíáǹpù. Ọ̀gá wá tẹ yàrá ìdarí láago pé kí wọ́n ka òkè tiwọn fún àwọn. Wọ́n ní 16. Bí a bá fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, 7 bár tòótọ́ á máa jẹ́ 11.2 lójú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á sì sáré lọ pa bọ́ílà tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n sọ ọ́ di 10 lọ́hùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn. Ọ̀gá yọ ẹ̀rọ kan tó lè ṣe bíi sẹ́ńsọ̀ bọ́ílà, wọ́n fi bọ́ mítà: 0, 2.5, 5, 7.5, 10. Tẹ́sítà tí wọ́n fi sáàárín wáyà fi 4, 8, 12, 16, 20 hàn, ọmọ iṣẹ́ sì ń kọ èyí tí yàrá ìdarí ń pè sórí fóònù. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì yìí lágbára láti ti iná gba ìdènà 500 óòmù kọjá. PLC kan sábà máa ń jẹ́ 250. Bí ẹnì kan bá ti so ẹ̀rọ mẹ́ta mọ́ wáyà kan náà, ó di 750. Nọ́ńbà á gòkè dáadáa, á kọjá ìdajì, á wá dúró gbagidi síbì kan lẹ́yìn 13 mílíáǹpù. Ẹni tó bá yẹ 4 àti 12 wò, tó di irinṣẹ́ rẹ̀, ò ní mọ̀ láé. Níkẹyìn, ọ̀gá yọ wáyà kan lójú ìdè, wọ́n ń retí. Fóònù dún: yàrá ìdarí ní àwọn ti rí i pé wáyà já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé-iṣẹ́, tàbí tẹ́ ẹ ń bójú tó o, bí wọ́n bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún yín, ẹ gba bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìgòkè àti nọ́ńbà ìsọ̀kalẹ̀ sí kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì.